Bí A Ṣe Ń Tẹ́ Ẹní ní Yàrá Muṣin

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni kí o kọ ọ́. Ohun tí mo sọ fún Àjíkẹ́, ọmọ ọmọ mi, nìyẹn kó tó mú bírò. Mo ní kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe kó lè dùn létí ẹni tó mọ̀wé. Èmi ò mọ̀wé. Ohun tí ojú mi rí ní Èkó ni mo mọ̀, nígbà tí mo kọ́kọ́ dé láti ilẹ̀ Kétu, lápá ọ̀hún tí ìjọba wọn ti ń sọ Faransé. Bí mo ṣe kọjá ẹnu ibodè, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó bá ti kọjá ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò bá kọjá ibẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ò lè gbé e kọjá.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Muṣin kì í ṣe ariwo. Ariwo wà lọ́jà tiwa náà. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo kí gbogbo ẹni tí mo pàdé láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ẹ̀rọ omi, mo kúnlẹ̀ fún àwọn tó jù mí lọ, ẹni méjì péré ló dá mi lóhùn. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì sì bi mí pé kí ni mo ń tà. Yorùbá ni gbogbo wa, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu mi ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Bí mo bá ti la ẹnu báyìí, wọ́n á ní, "Ìyá Kútọnu ti dé o." Èmi tí n kò gbé Kútọnu rí láyé mi. Mo sọ orúkọ mi fún wọn títí ó fi rẹ̀ mí. Nígbà tó yá, bí wọ́n bá pe Ìyá Kútọnu, mo ń dáhùn.

Ẹni tó mú mi wọṣẹ́ ni Ìyá Ráṣídì, obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ga, tí ohùn rẹ̀ kéré ju ara rẹ̀ lọ. Àpò ni à ń rán. Àpò ìdọ̀họ, èyí tí wọ́n fi ń kó kòkó àti ẹ̀wà, tó ti ya, tí eku ti jẹ ìdí rẹ̀. Wọ́n á kó o wá fún wa lẹ́yìn ọjà, a ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, a ó fi abẹ́rẹ́ ńlá àti okùn lẹ̀ ẹ́, a ó ká a jọ ní ogún-ogún. Iṣẹ́ náà ò le. Yíyún rẹ̀ ló le. Irun àpò a máa wọ inú awọ ara. O lè fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn họ ara rẹ títí, yóò kù síbẹ̀. Bí ẹlòmíràn tó rán àpò bá wá fi ara kàn ọ́, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n da wèrèpè sí ọ lára. Nítorí náà, àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́, a kì í súnmọ́ra. Kì í ṣe ìjà. Bí Síkírá bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èmi á fà sẹ́yìn, òun náà á fà sẹ́yìn, a ó sì máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Síkírá yìí, ọmọ Ṣakí ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Òun ló kọ́kọ́ bá mi ṣe àwàdà ní Èkó. Ó ní, "Ìyá Kútọnu, ẹ jọ̀ọ́, ní ọ̀dọ̀ tiyín lọ́hùn-ún, ṣé Faransé ni adìyẹ fi ń kọ?" Mo ní adìyẹ wa ní ẹ̀kọ́ ilé ju òun lọ. Ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé mo lè pẹ́ níbẹ̀.

Yàrá kan ṣoṣo ni Ìyá Ráṣídì gbà lọ́wọ́ onílé. Ó ní ilẹ̀kùn kan, ó ní fèrèsé kan, kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ẹní ni oníkálukú wa ní. Nígbà tí mo dé, mo bá ẹni mẹ́ta níbẹ̀, èmi ṣe ìkẹrin. Ìyá Ráṣídì tẹ́ tirẹ̀ sí ìdí ògiri. Síkírá tẹ́ tirẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ ẹ. Ẹnì kẹta kọrí sí igun. Èmi wà lábẹ́ fèrèsé tó wà lára ògiri ẹ̀yìn, ní ìbú. Kò sí méjì tó kọrí síbì kan náà nínú wa. Ẹni tó bá fẹ́ yí á yí, ẹni tó bá fẹ́ na apá á nà án. Nígbà tí àyè bá wà, ta ni yóò bi ọ́ léèrè ibi tí o kọrí sí?

Ìbú tí mo wà yẹn, ó nídìí. Ìyá mi kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kankan sùn kó na ẹsẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní òkú ni wọ́n ń ti ẹsẹ̀ gbé jáde nínú ilé; ẹni tó bá ń sùn bẹ́ẹ̀, ó ń kọ́ ara rẹ̀ ní ìrìn yẹn. Láti kékeré ni mo ti ń bá a bọ̀. Èmi náà fi kọ́ ọmọ mi. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí, òun ni ìyá Àjíkẹ́. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, orí ibùsùn tí ibi ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbé e sí. Mo rí i. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ yí ibùsùn náà padà. Wọ́n ní kí n jáde kí àwọn lè ráyè ṣiṣẹ́. Kò lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀ tó fi kú.

Àjíkẹ́ gbé bírò sílẹ̀ níbí. Mo ní kó máa kọ lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà yẹn. Oko wa kò gbe wá mọ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la kù nílé. A jókòó, a sọ ọ́ pé kí ẹnì kan jókòó ti ọmọ, kí ẹnì kan lọ wá oúnjẹ wá. Ẹsẹ̀ mi ló lágbára ju tirẹ̀ lọ. Bí mo ṣe di ará ìdálẹ̀ nìyẹn lẹ́yìn tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọjọ́ orí tí ó yẹ kí ẹlòmíràn máa wá kí mi nílé.

Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń pe ilé. Obìnrin kan gbé tábìlì sábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá títì, fóònù ni ó fi ń ṣòwò. Ohun tí o bá sọ ni wàá san. Ní abúlé wa, ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni fóònù wà. Bí mo bá pè é, á ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi, màá gé e, màá dúró, màá tún pè. Bí mo bá ń dúró báyìí, mo máa ń gbọ́ ìlú wa lọ́kàn mi ju ìgbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ gan-an lọ. Tí wọ́n bá wá gbé e, kí ni à ń sọ? Ṣé òjò rọ̀? Ó rọ̀. Ṣé ọmọ ń jẹun? Ó ń jẹun. Ó parí. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an, n kì í rántí rẹ̀ àfi tí mo bá ti rìn dé ìdí àpò mi.

Yàrá náà bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Iṣẹ́ pọ̀ nígbà náà, Ìyá Ráṣídì sì jẹ́ ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń lé èèyàn. A di márùn-ún, a di mẹ́fà. Ìgbà tí a di mẹ́fà, ìjà bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ tèmi kàn ọ́, apá tìẹ kàn mí, gbogbo ara á máa yún ẹni méjì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àárọ̀ kan, Síkírá ká ẹní rẹ̀ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó tẹ́ ẹ kó ṣe déédéé ti Ìyá Ráṣídì. Kò sọ fún ẹnì kankan. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó wà ní igun náà tún tirẹ̀ tẹ́. Ẹni keje dé, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó wo ilẹ̀, ó tẹ́ tirẹ̀ bíi tàwọn tó bá níbẹ̀. Nígbà tí a fi máa di mẹ́sàn-án, gbogbo ẹní ti tò sí ìlà méjì bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, orí sí ògiri ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Kò sí ìpàdé. Kò sí òfin. Ìjà sì tán. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀, ìwọ̀nba àyè tí ara ẹlòmíràn kò fi ní kan tirẹ̀ wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Gbogbo ẹní ni mo wí? Tèmi nìkan ni kò sí níbẹ̀. Èmi ṣì wà ní ìbú lábẹ́ fèrèsé. Wọn ò bá mi wí. Àwọn mẹ́ta tó sún mọ́ mi, tí Síkírá wà lára wọn, ẹní wọn kò lè kan ògiri nítorí tèmi, wọ́n bá tẹ́ ẹ ní wíwọ́, ó wá dà bí omi tó ń ṣàn yí òkúta ká. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ṣe é fún mi, nítorí mo dàgbà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀wọ̀ lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi rántí gbogbo èyí. Àjíkẹ́ ń kàwé ní Yábàá báyìí, òun àti ọmọbìnrin méjì ló jọ gba ilé níbẹ̀. Mo lọ kí i nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Mo bá a nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń wo nǹkan kan tó dà bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìyàrí ya.

Mo ní, "Kí lèyí?"

Ó ní, "Ọ̀pá ni, Ìyá àgbà. Ọ̀pá kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí. Inú omi ni wọ́n wà. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi jáde ilé ìwé ni."

"Kí ni wọ́n ń ṣe nínú omi?"

"Wọ́n ń sá fún ara wọn."

Ó rí i pé mo ń wò ó bí ẹni tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó mú bírò méjì, ó fi ìborùn mi ra wọ́n dáadáa, ó fi òwú so ọ̀kan rọ̀ létí tábìlì, ó wá gbé èkejì sún mọ́ ọn. Èyí tó so rọ̀ yí kúrò. Ó tún gbé e sún mọ́ ọn, ó tún yí kúrò. Mo gba bírò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dán an wò fúnra mi. Ó sá fún èmi náà.

"Ta ló ń tì í?"

"Kò sẹ́ni tó ń tì í. Ohun kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì, wọn ò sì fẹ́ fi kan ara wọn."

Mo ní, "Irun àpò." Kò yé e.

Ó ní tí àwọn ọ̀pá yẹn ò bá pọ̀ nínú omi, oníkálukú á máa kọrí síbi tó wù ú. Bí wọ́n bá ń fi kún wọn, ó máa dé ibì kan tí ọ̀pá kan ò ní lè yí mọ́ láìjẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá èkejì. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn á ti kọrí sọ́nà kan náà. Tí wọ́n bá tún fi kún un, wọ́n á tò ní ìlà-ìlà.

"Ta ló pàṣẹ fún wọn?"

"Ẹnì kankan ò pàṣẹ."

"Ṣé wọ́n wá fẹ́ràn ara wọn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá, mà. Wọ́n ṣì ń sá fún ara wọn bákan náà. Sísá yẹn gan-an ló tò wọ́n."

"Kí wá ni èrè wọn?"

Ó yíjú padà sí àwòrán náà. "Àyè ni, Ìyá àgbà. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan jọ̀wọ́ yíyí, ó wá rí àyè tí yóò fi máa rìn síwá, rìn sẹ́yìn."

Mo fi ìka kan ibì kan nínú àwòrán náà. Gbogbo ìlà tó yí ibẹ̀ ká ló wọ́, bí ara pákó ṣe máa ń wọ́ yí kókó inú rẹ̀ ká. Mo ní níbí ńkọ́. Ó ní, "Àléébù la ń pe ìyẹn. Àwọn tó wà níbẹ̀ ò bá tàwọn yòókù lọ, àwọn tó sún mọ́ wọn ló ń tẹ̀ fún wọn."

Mo ní, "Èmi nìyẹn."

Ó rò pé àwàdà ni mo ń ṣe. Kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí bó ṣe dé Èkó. Ìdí rèé tí mo fi ní kó jókòó kó máa kọ.

Ó ti tó ọdún kan tí mo ti wà ní Muṣin nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan. Kò jẹ́ kí n kí òun tán.

"Àbúrò, àwọn ẹbí bàbá Àjíkẹ́ wá."

"Kí ni wọ́n wá ṣe?"

"Wọ́n ní obìnrin kan ń kó àwọn ọmọ lọ sí Gàbọ́ọ̀nù, pé ó máa fi í sílé olówó kan. Á máa bá wọn fọ abọ́, á máa gbé ọmọ wọn pọ̀n. Wọ́n ní bí ìwọ ò bá mú un lọ títí àwọn á fi wa iṣu tán, àwọn á mú un."

"Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

"Kí ni kí n sọ? Ojú mi ti ń ṣú. Ọmọ ọ̀hún ló ń fa ọwọ́ mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n. Wá mú ọmọ rẹ."

Gbogbo ìlú wa ló mọ Gàbọ́ọ̀nù, ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ọmọ lọ. Ọmọ tó bá lọ, bí orí bá ṣe é tó padà, àgbà ni yóò padà, kò sì ní mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Iṣu ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n wà á.

Mo lọ bá Ìyá Ráṣídì nídìí àpò. Mo ní, "Mo fẹ́ mú ọmọ ọmọ mi wá." Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

Ó gbọ́ tán, ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó?"

"Ó ti pé méje."

"Níbo ni yóò sùn?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín? Lórí ta nìyẹn? Ẹ gbọ́, mi ò ní kí ọmọ má wá. Ọmọ kì í pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ò rí ibi tẹ́ ẹní fún, tó bá ń sùn mọ́ wa lára, irun àpò yìí á jẹ ẹ́ lára tán. Ẹ wá àyè ẹní kan fún mi nínú yàrá yẹn, kó wá lọ́la. Bẹ́ ò bá rí i, mi ò lè lé ọmọ ẹlòmíràn síta nítorí tiyín."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ọ̀rọ̀ tó tọ́ ló sọ, ìyẹn ló jẹ́ kó wúwo.

Mo wá ilé káàkiri. Ní Àgùdà, obìnrin kan tó ní yàrá bi mí níbi tí mo ti wá. Mo ní Kétu. Ó ní, "Kétu tí à ń wọ mọ́tò lọ yìí?" Mo ní rárá, Kétu ti òkè ọ̀hún. Ó ní, "Háà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kó ẹrù onílé lọ lóru." Ó ti ilẹ̀kùn. Ní Ọ́tọ̀, wọ́n fi yàrá kan hàn mí tí àwọn kan ń sùn sí lọ́sàn-án, tí àwọn mìíràn ń sùn sí lálẹ́. Ẹní kan náà ni wọ́n ń dù, kò ráyè tutù rí. N kò lè mú ọmọ wá síbẹ̀. Mo padà sí Muṣin. Mo fi okùn tí mo fi ń rán àpò wọn ilẹ̀ yàrá wa láti ògiri dé ògiri, mo ta kókó sí ibi tí ẹní kọ̀ọ̀kan parí sí. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Kò kù.

Síkírá ló bá mi níbi tí mo ti káwọ́ lérí. Ó dúró lókèèrè, bí a ti máa ń ṣe.

"Ìyá Kútọnu, ẹ ti wọ̀n ọ́n tán?"

"Mo ti wọ̀n ọ́n."

"Kókó mélòó ló wà lórí okùn yẹn?"

"Mẹ́jọ."

"Àwa mélòó la wà nínú yàrá?"

Mo tún wo okùn náà.

Ó ní, "Ẹ wọn ti gbogbo wa, ẹ ò wọn tiyín. Ibi tí ọmọ yín máa sùn, ẹ̀yin lẹ dábùú rẹ̀."

Mo sọ̀rọ̀ burúkú sí i. Àjíkẹ́ ní kí n sọ ọ́, n kò ní sọ ọ́. Ọjọ́ méjì ni n kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ó ń kọjá, ó ń kọrin sí imú. Lọ́jọ́ kejì ó ní, "Ẹ máa bínú lọ, mà. Ibi tẹ́ ẹ wà náà lẹ ṣì wà."

Ẹ lè ní kí ló dé tí n kò kàn kọ orí sí ẹnu ọ̀nà, kí n na ẹsẹ̀ sí ògiri. Mo dán an wò. Ẹsẹ̀ mi ṣe déédéé imú Síkírá, tirẹ̀ ṣe déédéé tèmi. Kò jẹ́ kí n gbádùn ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní bí òun bá tún gbóòórùn ẹsẹ̀ Kútọnu, òun á bu ú jẹ. Àwọn ọ̀pá inú omi Àjíkẹ́, mo ti bi í, wọn ò ní orí, wọn ò ní ẹsẹ̀. Bó ti wù kí wọ́n dojú kọ ọ̀nà, ọ̀kan náà ni. Tiwa ní orí, ó ní ẹsẹ̀. Ó sì ní ìyá tó bí i, tó sì kìlọ̀ fún un.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Kì í ṣe pé mo ń ṣe agídí. Mo ti fi orúkọ mi sílẹ̀, mo ti fi ọ̀nà tí mo ń gbà kíni sílẹ̀, mo ti fi èdè mi sábẹ́ ahọ́n kí wọ́n má baà fi mí rẹ́rìn-ín. Ìbú yẹn nìkan ló kù tí mo gbé wá láti ilé. Bí mo bá dùbúlẹ̀ lábẹ́ fèrèsé báyìí, ọmọ ìyá mi ni mí. Bí mo bá yí padà, ta ni mí? Bí n kò bá sì yí padà, Gàbọ́ọ̀nù.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rù bà á.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan. Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà?"

"Ọ̀rọ̀ ìyá wa?"

"Ẹ̀n."

Ó ní, "Mo ti ń na ẹsẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà láti ìgbà tí ojú mi ti ń ṣú. Bí mo bá dìde láàárọ̀, iwájú mi lọ̀nà wà, n kò ní forí gbá ògiri."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Kí n sọ ọ́ fún ọ kí o lè pariwo mọ́ mi?"

"Ẹ ò bẹ̀rù ni?"

"Mo bẹ̀rù. Bí mo bá jí, mo máa ń kọ́kọ́ mi ìka ẹsẹ̀ mi wò." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyá wa ní òkú ni wọ́n ń ti ẹsẹ̀ gbé jáde. Kò sọ pé alààyè ò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Àbúrò, fetí sílẹ̀. Ọmọ rẹ, àìsàn ló pa á. Kì í ṣe ibùsùn."

Obìnrin tó ni fóònù tọ́ka sí aago ọwọ́ rẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ Àìkú ni mo ṣe é. Òjò ń rọ̀, kò sẹ́ni tó jáde, gbogbo wa wà nínú yàrá, ẹni tó ń di irun ń di irun, ẹni tó sùn ti sùn. Mo dìde, mo ká ẹní mi. Mo gbọn ọ́n síta fèrèsé, mo wá tẹ́ ẹ kó kan ògiri ẹ̀yìn, mo fi ojú rẹ̀ ṣe déédéé tàwọn yòókù. Mo dúró lé e lórí bí ẹni tó dúró létí odò. Lẹ́yìn náà mo dùbúlẹ̀, mo na ẹsẹ̀ mi.

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ nítorí ooru. Mo ń wo ìka ẹsẹ̀ mi, mo ń wo òjò lẹ́yìn ìka ẹsẹ̀ mi. Mo rí ọmọ mi lórí ibùsùn yẹn, mo rí i kedere bí mo ṣe ń rí ọ yìí. Mo jẹ́ kó wá. N kò yí padà.

Ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí, mo gbọ́ tí ẹní ń wọ́ nílẹ̀. Síkírá ni. Ó fa tirẹ̀ tó ti ń wọ́ láti oṣù mẹ́fà, ó tẹ́ ẹ títí ó fi kan ògiri. Ẹni tó tẹ̀ lé e fa tirẹ̀. Ẹnì kẹta náà dìde. Wọn ò wò mí lójú. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, àlàfo kan wà láàárín èmi àti Síkírá, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì lásán, tí ẹnì kankan ò sùn sí.

Ìyá Ráṣídì wá, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó ní, "Ó gba ẹní kan. Ó tún ṣẹ́kù."

Síkírá ní, "Ó ṣẹ́kù fún ẹnu Ìyá Kútọnu."

Mo rẹ́rìn-ín ní ìdùbúlẹ̀ tí mo wà.

Mo ti rò ó wò láti ìgbà náà. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ràn rẹ ni ilé rẹ. Àwọn obìnrin yẹn ò fẹ́ràn mi. Bí mo bá fi ara kàn wọ́n, wọ́n á fà sẹ́yìn títí dòní. Àyè ni wọ́n fún mi, nígbà tí mo fún wọn láyè. Mo ti rí ìfẹ́ tí kò tó o. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, nǹkan lọ lọ́wọ́ mi. Àjíkẹ́ tí mo yí padà nítorí rẹ̀, oṣù mẹ́ta péré ló lò kí ẹnu rẹ̀ tó di ẹnu Èkó pátápátá. Mo bá a sọ Kétu, ó fi Èkó dá mi lóhùn. N kò dá a lẹ́bi. Ohun tí mo sọ fún un nípa àwòrán rẹ̀ ni pé kó má kàn pe ibi tó wọ́ yẹn ní àléébù kó máa kọjá lọ. Kó kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó fi dábùú.

Òjò ò tíì dá lọ́jọ́ náà tí mo fi bọ́ síta. Obìnrin alágboòrùn ti fi ọ̀rá bo fóònù, mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi tú u. Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ gbé e. Mo dúró, mo tún pè. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi wá láti ọ̀nà jíjìn.

Mo ní, "Àyè ti wà."

"Àyè ibo?"

"Ní yàrá. Àyè ẹní kan. Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn yẹn máa wa iṣu wọn. Mo ń bọ̀ wá mú un kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí."

Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ó ń pe orúkọ kan, ó ń pè é sókè, ó ń pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀ kékeré sáré wá. Ẹnì kan mí sínú fóònù.

"Ìyá àgbà?"

"Èmi ni, Àjíkẹ́ mi."

"Ìyá àgbà, ṣé kí n mú ẹní mi dání?"

Mo ní kó mú un dání.